Kẹ́ẹ̀gì Májèlé Kì Í Ṣe Kẹ́ẹ̀gì Epo

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ọdún púpọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé gbogbogbòò wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí kò lè wá.)

   

Nígbà tí akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó, mo mọ ohun tí ẹ óò máa retí. Ẹ óò rò pé wolé-wolé àtijọ́ tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí gbígbá àyíká, lórí koríko àti ẹ̀fọn, àti lórí ilé ìyàgbẹ́. A ti sọ ìyẹn títí, ẹ sì ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí wà nínú ìwé ìṣirò owó tí akápò pín fún wa láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣí i sí ojú ewé tí a kọ owó tí ó wọlé láti sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ sí. Ẹ wo ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá: "Owó kẹ́ẹ̀gì òfìfo." Owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ni ó gbé mi dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Sítọ́ọ̀ wa ń ra oògùn apakoríko àti oògùn kòkòrò ní kẹ́ẹ̀gì ńlá, a sì ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n tí agbára oníkálùkù bá ká. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, a ń tà á. Ta ni ó ń rà á? Àwọn ìyá wa tí ń ta epo pupa ni, àti àwọn tí ń pọn omi, àti àwọn tí ń ta kẹrosíìnì. Kẹ́ẹ̀gì náà nípọn, kì í tètè jò, owó rẹ̀ sì kéré sí ti tuntun. N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí a pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé wa, kí a má sì rí i níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ 1979

Ní 1979, mo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan tí ó jẹ́ pé kòkó ni gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń gbìn. Ẹ̀yin àgbà mọ oògùn tí a fi ń fín kòkó nígbà náà: Gammalin 20. Òun ni a fi ń pa kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu. Ó ṣiṣẹ́ gidi. Ẹni tí ó bá sọ pé kò ṣiṣẹ́ ń purọ́. Ó ṣiṣẹ́ débi pé àwọn kan ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì ń kó ẹja náà lọ sí ọjà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sáré wá pè mí sí ilé kan. Ènìyàn márùn-ún ń bì, ara wọn ń gbọ̀n, gìrì sì ti ń mú ọmọ kékeré kan láàárín wọn. Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n jẹ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mẹ́rin padà wá sílé. Ọmọ náà kò padà.

Nígbà tí mo ń wádìí, ìyá ilé gbé agolo tí ó fi ń tọ́jú epo jáde fún mi. Agolo Gammalin ni. Ó ní òun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òun fi omi gbígbóná ṣàn án, òun sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Mo gbà á gbọ́, nítorí obìnrin tí ó mọ́ tónítóní ni. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kì í bá omi lọ. Epo ni ó ń bá lọ. Ohun tí ọṣẹ àti omi kò lè fọ̀ kúrò lára agolo, epo pupa fọ̀ ọ́ kúrò wẹ́rẹ́, ó sì gbé e sínú mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni èyí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo ti wọ ilé yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣí ìkòkò omi wọn wò, mo wá tanwíji nínú rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan. Mo yìn wọ́n. Agolo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Mo rí i. N kò bèèrè ohunkóhun, nítorí pé ìwé tí wọ́n fún mi láti fi ṣiṣẹ́ kò ní kí n bèèrè. Ilé mọ́, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìmọ́tótó tí ojú ń rí nìkan kò tó.

Wọ́n bi ìyá náà pé níbo ni ó ti ra agolo. Ó ní ní sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń ta oògùn kòkó ni, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wọ́n tà á. N kò ní dárúkọ sítọ́ọ̀ náà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn tí ó ni ín kò yàtọ̀ sí àwa tí a jókòó síhìn-ín.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé Gammalin ti kọjá. Òótọ́ ni. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane, tí í ṣe oró inú rẹ̀, kún àwọn oògùn tí wọ́n ní kí ayé pa tì lábẹ́ àdéhùn Stockholm. Ṣùgbọ́n òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Ẹ mọ paraquat tí a fi ń pa koríko. Ẹnu kan péré nínú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tí ń pa oró rẹ̀. NAFDAC kéde pé òpin rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n sì fi ti atrazine sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ṣáájú ìyẹn, ní 2019, wọ́n ti ní kí a má ta ìgò kékeré dichlorvos, tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn, ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Òfin ti dé. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ abẹ́ ibùsùn lọ kó ìgò tí ó wà níbẹ̀. Àwa ni a óò kó o.

ÌDỌ̀TÍ KÒ RÍ BÁKAN NÁÀ

Àwọn bàbá wa ní ààtàn, ààtàn kò sì pa wọ́n. Èèpo iṣu, ewé, eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, gbogbo rẹ̀ á di ilẹ̀ dúdú, wọ́n á gbin ilá sí i. Àṣà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó yí padà ni ohun tí a ń kó lọ sí ààtàn.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo yàrá yín. Ẹ óò rí òkúta rédíò àti òkúta tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú. Ẹ óò rí òkúta róbótó kékeré bíi bọ́tìnnì, èyí tí ó wà nínú aago àti nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ óò rí bátìrì ọkọ̀, bátìrì ínfátà tàbí ti iná oòrùn, àti ti fóònù tí ó ti wú. Ẹ óò rí ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ọ́ìlì àlòkù ti jẹnẹrétọ̀, àti ọ̀pá iná funfun tí ó ti jóná. Mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú ọ̀pá iná yẹn, ó sì ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá fọ́ ọ. Ní balùwẹ̀, ẹ óò rí bílíìṣì àti áásìdì tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Bí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, èéfín tí ó jáde lè dí ènìyàn lọ́nà ọ̀fun.

Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, a máa ń fọ́ òkúta rédíò, a ó gún dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ wa á dúdú, a ó sì fi ọwọ́ náà jẹ gúgúrú. Kò sí ẹni tí ó bá wa wí, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí a ti mọ̀, kí ni a óò wí?

ÌNÁ, GỌ́TÀ ÀTI KÒTÒ

Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń gbà lé nǹkan wọ̀nyí jáde nílé. A ń sun wọ́n níná, tàbí kí a dà wọ́n sí gọ́tà, tàbí kí a gbẹ́ kòtò kí a bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti lọ. Wọn kò lọ.

Bí a bá sun ún níná, oró ohun èlò bíi òjé kò jóná. Apá kan á bá èéfín lọ sórí ẹ̀fọ́ àti aṣọ tí a sá, èyí tí ó kù á wà nínú eérú tí adìẹ ń ta. Ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí a bá dà á sí gọ́tà, ó di odò. Ní ìsàlẹ̀ odò, ẹlòmíràn ń pọn ún. Kòtò ni ó tan èmi fúnra mi jẹ.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe mẹkáníìkì wá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Mo fún un. Nígbà tí mo rí i pé ó ń da ọ́ìlì àlòkù sórí ilẹ̀, mo pè é, mo sì bá a wí. Mo ní, "Ọmọ mi, èyí kò dára. Gbẹ́ kòtò, máa dà á sínú rẹ̀, kí ojú ilẹ̀ lè mọ́." Èmi wolé-wolé ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó gbẹ́ ẹ. Ojú ilẹ̀ mọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyàwó mi fa omi kànga wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ní ó ń rùn. Mo wò ó. Awọ tín-ín-rín kan wà lójú omi náà, ó ń dán ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí ọrùn àdàbà. Kànga tí bàbá mi gbẹ́ ni. A gbọ́n ọn, a dà á nù, ó tún padà. Mo ti fi kọnkéré bò ó báyìí, omi rírà ni a sì ń mu.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ilẹ̀ kì í ṣe agbada. Ajere ni. Omi òjò ń gba inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ohun tí ó bá sì bá lójú ọ̀nà ni yóò gbé dání títí yóò fi dé ibi tí omi kànga ti ń sun. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé jálá kan ọ́ìlì àlòkù tó láti ba mílíọ̀nù kan jálá omi jẹ́. Ojú ilẹ̀ tí mo rí ni mo tọ́jú. Abẹ́ ilẹ̀ tí n kò rí ni ó ń gbé omi wá fún mi. Wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Mo ti rí i pé ènìyàn lè jẹ́ ọ̀tá omi láìmọ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÒJÉ

Nínú gbogbo wọn, òjé ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí ọmọdé ni ó ń bá jà. Ó ju ìdajì ìwúwo bátìrì ọkọ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì bátìrì mọ bí wọ́n ṣe ń da omi bátìrì sílẹ̀, tí koríko kì í hù níbẹ̀ mọ́. Òjé bá omi yẹn jáde. Àwọn mìíràn ń fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò láti fi rọ òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n. Eruku rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Òjé kì í jẹrà, òjò kì í sì í pa á. Ọmọ tí ń rá á fọwọ́ kan ilẹ̀, á fi ọwọ́ sẹ́nu.

Ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Inú á máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, kò ní lè fọkàn sí ìwé. Olùkọ́ á ní olódo ni, bàbá rẹ̀ á nà án. Bí ó bá pọ̀ lára, gìrì á dé. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a lè pè ní kò-léwu. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọ tí ó lé ní irinwó (400) ni òjé pa, nítorí pé àwọn òbí wọn ń lọ òkúta góòlù nínú agbo ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Wúrà ni wọ́n ń wá. Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Ní Ògìjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níhìn-ín, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù pọ̀ sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, àtọmọdé àtàgbà.

Ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ní 1988 kò lè gbàgbé Kókò, ìlú etí omi tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì kó ìdọ̀tí olóró tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tọ́ọ̀nù wá síbẹ̀ nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n háyà àgbàlá ọkùnrin kan láti kó o sí, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń san fún un. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń kàwé ní Ítálì ni wọ́n ta ilé lólobó. Kí ọ̀rọ̀ tó tú síta, àwọn kan ní ìlú náà ti da ohun tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nù, wọ́n sì ń fi dúrọ́ọ̀mù náà pọn omi.

Gbogbo Nàìjíríà bínú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sí Ítálì nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún yẹn kan náà. Ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé yóò ṣe ẹ̀wọ̀n gbére. Inú ọ̀rọ̀ náà ni àjọ FEPA ti jáde wá, èyí tí NESREA gba ipò rẹ̀ ní 2007.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Kí ni ó yàtọ̀ láàárín dúrọ́ọ̀mù Kókò àti kẹ́ẹ̀gì tí a ń tà? Àwọn òyìnbó gbé tiwọn wá fún àlejò nítorí èrè. Àwa ń tà tiwa fún ìyá wa. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó bá adìẹ wí. A ti lé akátá lọ ní 1988. Ó ti tó àkókò tí a óò bá adìẹ wí.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

Èkíní, ẹ má da oògùn kòkòrò, kẹrosíìnì tàbí áásìdì sínú ìgò mínírà tàbí ike omi. Ọmọdé kò mọ̀wé. Ìgò ni ó mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ rà á, kí ẹ sì gbé e sókè, kí ẹ tì í pa.

Èkejì, ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ óò lò tán. Ohun tí kò bá ṣẹ́kù kò ní di ìṣòro ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti da oògùn oko tán sínú ẹ̀rọ ìfín, ẹ ṣan kẹ́ẹ̀gì náà lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ bu omi dé ìdámẹ́rin rẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfín, kì í ṣe sílẹ̀. Oògùn tí ẹ fowó rà ni ó wà nínú omi yẹn. Oko ni kí ó lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìṣó lu ìdí kẹ́ẹ̀gì náà, kí ẹnikẹ́ni má lè fi pọn nǹkan mọ́. Bí a tilẹ̀ ṣan án báyìí, kò tún yẹ fún omi tàbí epo láéláé, nítorí pé ike náà ti fa díẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fọ́ bátìrì, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ tà á lódindi. Ẹ bi ẹni tí ń ti ọmọlanke kiri léèrè bóyá yóò da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á fún un. Òkúta kékeré àti bátìrì fóònù, ẹ kó wọn sínú ike kan tí ó ní ọmọrí, ẹ má jù wọ́n sínú iná, wọ́n lè bú.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gba ọ́ìlì àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ dé e, kí ẹ fún àwọn tí ń rà á kó lọ. Ẹ jẹ́ kí kànga tèmi kọ́ yín lọ́gbọ́n.

Ẹ̀kẹfà, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ dá a padà fún ilé oògùn tí ó bá gbà á. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí yẹ̀pẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e fún àwọn akólẹ̀. Ẹ má dà á sí ṣálángá tí ó sún mọ́ kànga.

Ẹ̀keje, bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Bí ó bá bì í, kẹrosíìnì á gba inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pani. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò tí ó mu dání kí dókítà lè rí i.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí mo bá kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá jọ nílé mi, ta ni yóò wá kó o? Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, tí n kò fi sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àkọ́kọ́, kí sítọ́ọ̀ wa má ta kẹ́ẹ̀gì oògùn òfìfo mọ́ láti òní lọ. Kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n lù ú, kí wọ́n tì í mọ́lé.

Èkejì, kí a má wọn oògùn sínú ìgò tí ọmọ ẹgbẹ́ bá mú wá mọ́. Kí a ra ìwọ̀n kékeré tí ilé iṣẹ́ ti dì, tí orúkọ àti ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ àgbà kọ̀wé sí àwọn tí ń ta oògùn fún wa lórúkọ gbogbo wa pé àwọn tí yóò máa gba kẹ́ẹ̀gì wọn padà ni a óò máa rajà lọ́wọ́ wọn. Kí a fi bátìrì kún un. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti wà pé ẹni tí ó ṣe ọjà tàbí tí ó kó o wọlé ní ojúṣe lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá di àlòkù. Àgbẹ̀ kan kò lè fi ìlànà yẹn mú oníṣòwò ńlá. Ṣùgbọ́n àwa ni oníbàárà rẹ̀ tí ó tóbi jù, bí a bá fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí bàbá wa fi dá ẹgbẹ́ kòkó sílẹ̀ nìyẹn, kí àgbẹ̀ kan ṣoṣo má baà dúró níwájú oníṣòwò.

Mo mọ̀ pé akápò yóò bi mí pé, "Bàbá, owó ńkọ́?" Mo ti ṣírò rẹ̀. Owó tí ó wà ní ìlà yẹn fún odidi ọdún kan kò tó owó mínírà tí a óò mu níbí lónìí. Bí ó bá jẹ́ mínírà ni yóò fò lọ, ẹ jẹ́ kí a mu omi. Kí a sì rí i dájú pé omi náà mọ́.

Orúkọ wa ni alájẹṣẹ́kù. A kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. A ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la. Ìwà tí ó fi wá hàn láàárín ìlú nìyẹn, mo sì fi í yangàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni a ń ṣẹ́ kù. Ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ àti nínú kànga náà jẹ́ ìṣẹ́kù wa, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jogún rẹ̀, wọ́n fẹ́ wọn kò fẹ́.

Ọmọ tí ó kú ní 1979 ì bá ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. N kò lè dá a padà. Ẹ bá mi pa ìlà kan rẹ́ nínú ìwé.

 

(Àkíyèsí láti ọ̀dọ̀ olóòtú: Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìpàdé fọwọ́ sí ohun àkọ́kọ́ àti èkejì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìyá tí ń ta epo pupa bèèrè ibi tí wọn yóò ti máa rí kẹ́ẹ̀gì rà ní owó tí kò ga. Ìgbìmọ̀ yóò wádìí iye tí yóò jẹ́ bí a bá ra tuntun lápapọ̀. A fi ìwé sí àwọn olùtajà lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, wọn yóò sì jábọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ ka iye kẹ́ẹ̀gì oògùn òfìfo tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé.)